Ilé Tí Ẹ Ò Wọ̀ ní Kyoto

Bàbá Débọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó kí ẹnikẹ́ni tó wá sin yín. Débọ̀ ọmọ wa ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìdágbére yìí bí inú yín ṣe dùn tó nígbà tẹ́ ẹ wọ ilé onígi yẹn ní Kyoto. Ẹ ò wọ̀ ọ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́.

Ọkọ mi, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò Boribana ní Abidjan mọ̀, ẹni tí kì í ta àga tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì jókòó lé. Ẹ máa ń sọ pé, "Igi méjì tó bá mọ ojú ara wọn, kò nílò ìṣó." Nígbà tí Débọ̀ ní ká wá kí òun ní Japan, tó ní ilé ọlọ́lá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí igi rẹ̀ di ara wọn mú láìsí ìṣó, oúnjẹ ò wù yín jẹ mọ́.

Débọ̀ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ló mú wa rìn, láti ojúbọ dé ojúbọ, láti ọgbà dé ọgbà. Kò sí òpó tẹ́ ẹ ò fọwọ́ pa. Èmi ń wo ojú obìnrin náà, kí ọmọ mi má lọ tẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. A dé ilé náà, wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Mo rántí ìbọ̀sẹ̀ yín tó ti lu, àti gìgísẹ̀ yín tó sán. Mo rọra ní, "Ẹ dúró síta, ẹ máa wo ọgbà. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí ọmọ."

Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, ẹ wò mí. Ẹ ní, "Sọ fún madáàmù pé orúnkún ń dùn mí."

Mo wọlé. Igi ṣáá ni mo rí, mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Nígbà tí Débọ̀ dé, tó béèrè bí inú ilé náà ṣe rí, ẹ ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Àgbà káfíńtà ló ṣe é." A padà sí Abidjan, ẹ ń ròyìn inú ilé náà fún àwọn oníbàárà yín ní Biétry, èmi ń wolẹ̀. Ẹ ò bá mi jà títí ẹ fi lọ. Ìbá sàn kẹ́ ẹ bá mi jà. Ẹsẹ̀ tó tì mí lójú yẹn lẹ fi dúró nídìí igi kí Débọ̀ tó kàwé débi tó ní ọ̀gá ní Japan.

Ẹ forí jì mí, olówó orí mi. Ẹ sùn re o.

Débọ̀, ìyàwó rẹ ń retí ọmọ, o ò lè wá, wọn yóò fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Má pè mí lórí fóònù, mi ò ní lè gbé e. Kọ̀wé sí mi, kó sì tètè dé, ìbáà jẹ́ ìbínú ló kún inú rẹ̀.