Ẹsẹ Kẹta Tí N Kò Kọ́ Ọmọ Mi

Lásìkò ọyẹ́ ní Maiduguri, eruku á ti bo fáìlì tí mo nù láàárọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń nù wọ́n lóòjọ́. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan lẹ́bàá Post Office, ṣùgbọ́n kò sí fáìlì tí ọ̀gá béèrè tí n kò mọ ibi tó wà. "Sai kai, Malam," ni ọ̀gá máa ń wí, pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é àfi èmi. Orí mi á wú. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Gomari ni a ń gbé, èmi, ìyàwó mi tó jẹ́ tíṣà, àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ náà ju bó ti yẹ lọ. N kì í jẹ́ kó ṣeré ní títì nítorí ọ̀kadà. Èmi fúnra mi ni mo ń ti géètì, n ó sì tún padà lọ wò ó. Ibi kan ṣoṣo tí mo gbà kó máa lọ ni ọ̀dọ̀ Hajja, ìyá àgbà Mùsùlùmí tó ń rán fìlà, tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa. Ibẹ̀ ló ń wà láti ìgbà tó bá ti iléèwé dé títí a ó fi délé. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí i, Hausa ló fi ń dáhùn. Mo ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ohun gbogbo, àfi lọ́wọ́ àìsínílé mi.

Nínú ìjọ wa, tí a ti ń fi Yorùbá sìn, àṣà kan wà ní Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé. Bàbá àti ọmọ á jọ dúró níwájú. Bàbá á ka ẹsẹ Sáàmù kan, ọmọ á ka èyí tó tẹ̀ lé e láìwo ìwé. Bàbá ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, kì í ṣe ìyá. Ọmọ mi pé ọdún méje, ẹsẹ mẹ́ta ló kàn án. Lálaalẹ́ ló ń gbé Bíbélì wá sẹ́sẹ̀ mi, á ní, "Baba, mu karanta," pé ká kà á. N ó ní kó jẹ́ kí n sinmi ná. Láàárín oṣù méjì, ẹsẹ méjì ni mo kọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a ti wọṣọ tán nígbà tí ọ̀gá rán awakọ̀ wá. Àlejò dé láti Abuja, wọn ò rí fáìlì kan. Mo sọ fún ọmọ mi pé n kò ní lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

"Da gaske, Baba?"

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

Wákàtí mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń bọ́ bàtà.

"Ẹ káàbọ̀, akọ̀wé àgbà. Ṣé fáìlì ti jẹun?"

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Hajja. Ẹ má lọ pè é."

Ó wá sọ pé bàbá ọmọ mìíràn fẹ́ bá ọmọ wa dúró, ọmọ kọ̀. Ó dá dúró, ó ka ẹsẹ méjì tó mọ̀, ó wá ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. N kò bẹ ọmọ náà. Mo rò pé ọmọdé á gbàgbé. Kò gbé Bíbélì wá sẹ́sẹ̀ mi mọ́.

Yunifásítì ló wà báyìí, ní ìlú yìí kan náà. Mo ti fẹ̀yìntì. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọ̀gá fi rí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí fáìlì wà. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi wá kí wa. Mo ṣí Bíbélì, mo ní kó jókòó ká parí ẹsẹ kẹta. Ó jókòó. Mo ń wí, ó ń wí tẹ̀ lé mi, kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ka orúkọ inú rẹ́jísítà iléèwé.

"Shikenan, Baba?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tán. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Hajja. Mo ti bẹ Ọlọ́run títí kó dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún mi. N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Láti ẹ̀yìn ògiri, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, ògiri kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ.