Ọmọ-ọmọ mi kúnlẹ̀ kó tó já mi nírọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe di ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ sílé ìwé nígbà èwe mi. Kíláàsì kẹrin ni mo sì bá a dé, torí pé kíláàsì kejì dùn mọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́ níbí, ni mò ń gbé. Èmi ni mo tọ́ Tifẹ́, ọmọ-ọmọ mi, láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oǹdó, ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Nígbà tó wálé lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó ti rù débi pé mo rò pé aṣọ ló ń dá rìn bọ̀ lójú títì.

Mo bi í títí kó tó jẹ́wọ́. Ó ní òun fèèlì Biology ní sáà kìíní, àti pé bóun bá tún fèèlì rẹ̀ ní sáà kejì, wọ́n á ní kóun máa lọ sílé.

Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń ran àwọn ọmọ tuntun lọ́wọ́ níbẹ̀ ni? Ó ní ó wà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ti wà ní ọdún kẹta máa ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, kaunsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ẹni tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, ló ṣètò rẹ̀. Òun ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kí ni kò yé yín, ńṣe ni ọ̀fun òun máa ń dí.

"Kí ló dé?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ tó bá ń bi ẹni tó jù ú lọ ní ìbéèrè, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́, mo tún fi pankẹ́rẹ́ tì í lẹ́yìn. Ṣé kí n sọ ìdí rẹ̀? Àwọn ìtàn tí mo máa ń pa fún un, bí ọmọ bá bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ti tú.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì Oǹdó. Ọkọ̀ náà kún débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń bá mi mí.

Kaunsẹ́lọ̀, obìnrin kan tójú rẹ̀ tutù, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni mí.

"Bàbá, káàdì ìdánimọ̀ yín dà?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Ó ṣì ń gbẹ lórí okùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ òótọ́ fún un, pé torí ọmọ-ọmọ mi tí mo kọ́ láti máa bẹ̀rù ìbéèrè ni mo ṣe wá. Ó ní kí n wọlé. Tifẹ́ rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀ ló ń kọ́ wọn. Ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní osmosis, bí omi ṣe ń gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, láti ibi tí iyọ̀ kò ti pọ̀ lọ síbi tó ti pọ̀. Ó ní ta ló ní ìbéèrè? Nǹkan bí ogún ọmọ wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Mo nawọ́. "Tíṣà, béèyàn bá da iyọ̀ sí ìgbín lára, kí ló dé tó fi ń hó, tó sì ń kú?"

Kó tó lanu, mo ti dá ara mi lóhùn. Mo ní iyọ̀ ló gbóná bí iná. Mo ní lọ́dún kan, mo da iyọ̀ sí ìgbín kan tó tóbi tó ìkòkò, ó hó títí èéfín fi yọ, a sì fi ooru rẹ̀ se iṣu jẹ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Dàpọ̀ gbọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé gbogbo yín gbà bẹ́ẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ Tifẹ́. Ó ń jẹ ètè rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó jáde sáàárín àga, ó kúnlẹ̀ sí mi lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ kò gbóná. Omi ara ìgbín ló ń gba awọ rẹ̀ jáde lọ bá iyọ̀ tó pọ̀ níta. Bí omi yẹn bá tán lára rẹ̀, á kú."

"Osmosis gan-an nìyẹn," ni Dàpọ̀ wí. "Dìde, àbúrò. A kì í kúnlẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ níbí."

Tifẹ́ kò tíì jókòó tán tó tún fi ní, "Bùrọ̀dá, bí wọ́n bá fa omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù sí aláìsàn lára ńkọ́?" Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin kan létí fèrèsé béèrè tiẹ̀, ọmọbìnrin méjì tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Títí tí wọ́n fi ṣíwọ́, n kò ráyè sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́nu géètì, Tifẹ́ ní ṣé mo bínú. Mo ní, "Ìwọ lo yẹ kó o bínú sí mi. Èmi ni mo dí ọ lọ́fun."

Láti ọjọ́ yẹn, kò pa Ọjọ́bọ̀ kankan jẹ. Nígbà tí èsì jáde, ó gba C nínú Biology. Kò sẹ́ni tó máa lé e lọ sílé mọ́! Mo kó àwọn aládùúgbò jọ, mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló gba ipò kìíní ní gbogbo Nàìjíríà. Àṣé n kò tíì pa fóònù tó fi sọ èsì náà fún mi, ó ń gbọ́ mi, ohùn rẹ̀ sì ń jáde síta. "Bàbá, C ni mo gbà. Ta ló sọ fún yín pé ipò kìíní ni?" Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn ju ẹni tó gba ipò kìíní lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ìwé gíga, bẹ́ ẹ ṣe ń bá a di gààrí àti ìrẹsì, ẹ sọ fún un pé bíbéèrè kì í ṣe àrífín. Àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ò lanu, ta ló máa mọ ibi tó ń dùn ún?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ lójú ayé pé nǹkan kan ò yé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ o, torí Tifẹ́ máa kà á, á sì bi yín léèrè.