Ìtàn Tí Káfíńtà Kà

Ta ló sọ pé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kò lè jẹ́ ilé ìwé? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá Ìyá Ẹ-Kà-Á-Wò pàdé. Aṣọ ló fi ń jẹun o, kì í ṣe ìwé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan àti ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ta okùn sí lọ. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà lójú fèrèsé, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ tán wà lára ògiri, àwọn ìwé sì wà lábẹ́ wọn lórí pẹpẹ, gbogbo wọn ló fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò nítorí ọwọ́ tútù. Ẹni tó bá wá gba ṣòkòtò yóò gba ìwé kún un, bó fẹ́ bó kọ̀.

Kì í sọ ìparí ìwé fún ẹnikẹ́ni. Láìpẹ́ yìí ó ka ọ̀kan nípa àwọn tó la ojú irin, tí òǹkọ̀wé fi sùúrù wá orúkọ àwọn tó fọ́ òkúta rí, tí kò fi ti ọ̀gá nìkan ṣe. Ó tún ka ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Yóò máa rò ó fún ọ, áyọ́ọ̀nù á máa lọ, á máa bọ̀, títí ẹnu rẹ yóò fi là sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn gan-an ló ti máa ń pa ẹnu dé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé tó ń pé jọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ bóyá àwọn obìnrin méjèèjì yẹn parí ìjà. Ó ní ìwé wà lórí pẹpẹ, kì í bu èèyàn jẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìpolówó rẹ̀ kò ràn: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Bọ̀dá a máa sọ pé ìwé kì í kan ìṣó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun àbúrò ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Nígbà tí agbára àwọn òbí wọn kò ká ọmọ méjì nílé ìwé mọ́, bọ̀dá ló sọ pé òun fẹ́ràn igi ju báírò lọ, ó sì gbé ayùn. Irọ́ ni. Ó fẹ́ràn báírò dáadáa, àbúrò sì mọ̀. Gbogbo ìwé tó bá kà ló máa ń ṣe é bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ìdajì rẹ̀, tí kò sì wá gbà á. Ó fẹ́ kí bọ̀dá ka ẹyọ kan péré parí.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ, ṣẹ́ẹ̀tì bọ̀dá kò sì tíì ṣe tán. Bó ṣe jókòó tó ń retí, àbúrò ki ìwé kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ìwé ìtàn ni. Káfíńtà ṣí i, ó rí i pé wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi lójú ewé àkọ́kọ́, ó sì gbé e lọ sílé kó lè wò ó bóyá wọ́n kàn án bó ṣe yẹ.

Èdè wa ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtàn ni. Ohun tí ẹnì kan jókòó tó rò, ìtàn náà ni. Ẹni tó bá ń kánjú kì í rántí fi àròsọ kún un, inú àbúrò sì ti dùn jù lọ́jọ́ náà láti rántí ohunkóhun.

Ní Sátidé kan, bọ̀dá sọdá títì, ìwé lábíyá. Kò sẹ́ni tó pè é. Nígbà tí àwọn tó kù sọ ti ìwé tí wọ́n kà tán, ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ obìnrin atukọ̀ kan tó ń kó àwọn ará àdúgbò sọdá odò nígbà tí afárá wó, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tí apá rẹ̀ ń bó. Ó fi ọwọ́ ya bí wọ́n ṣe so pákó ọkọ̀ náà pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ń nu ojú. Àbúrò kò mọ̀gbà tó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ báyìí?

"Mi ò ní sọ bó ṣe parí o," ni bọ̀dá wí, ó sì kọjú sí awakọ̀, ó sọ ìparí náà lẹ́sẹ̀ kan náà. "Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ń wa bọ́ọ̀sì káàkiri, ọ̀nà wo ni mo máa gbà dé etí odò yẹn? Mo fẹ́ lọ wo sàréè obìnrin náà."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe ìkà, ẹ̀rín ló gbé e. Ó ní kí bàbá má bínú, pé kò sí odò kankan, kò sí sàréè, ẹni tó kọ ìwé ló ro gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa: ibi tí wọ́n bá ti fi í rẹ́rìn-ín, kì í padà débẹ̀ mọ́. Bó bá ju ìwé yẹn sílẹ̀ lónìí, kò tún ní gbé òmíràn títí ayé.

"Ìtàn lo pè é fún mi," ni bọ̀dá wí.

"Ìtàn ni, bọ̀dá mi. Àròsọ ni mo gbàgbé láti fi kún un. Ẹ má bínú."

"Obìnrin yìí ò gbé ayé rí?"

"Kò gbé ayé rí."

Káfíńtà gbé ìwé náà sókè, ó fi ojú kan wò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wo pákó bóyá ó wọ́.

"Nígbà tí ayùn gé mi níka, mi ò sunkún. Ẹni tí ò gbé ayé rí ló wá mú mi sunkún lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Àbúrò mi, fún mi ní ti ẹni tó gbé ayé rí, kí n wo ohun tí ìyẹn náà máa fojú mi rí."

Awakọ̀ tó rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ na ọwọ́ láti gba ìwé atukọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Orí àbúrò wú. Ó wo gbogbo wọn yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ló wí.