Bí Leokadia Ṣe Ń Lọ Jẹun ní Àkọ̀ Méjì

Ọjọ́ tí Leokadia Wrzos kọ́kọ́ padà wọ ilé oúnjẹ Àkọ̀ Méjì, èmi ni mo gbé oúnjẹ fún un. Mísà àárọ̀ Sọ́ńdè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ilé kún dẹ́nu. Àwọn bàbá ti tú bọ́tìnnì kóòtù wọn, àwọn ìyá ń nu ẹnu ọmọ, òórùn omi ọbẹ̀ adìẹ àti kábéèjì kíkan sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Obìnrin náà wọlé nínú kóòtù dúdú, ó fara balẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sídìí tábìlì àárín gbùngbùn bí onílé. Gbogbo ṣíbí dákẹ́.

Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, mi ò sì dàgbà sí Sanok, ìlú wa yìí ní Poland.

"Ẹ káàbọ̀ o, Pani." Bí a ṣe ń pe obìnrin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nìyẹn; Pan ni ti ọkùnrin. "Kí ni kí n gbé wá?"

"Ọbẹ̀ ṣàkì," ló wí. "Kó gbóná o."

Mo gbé e dé. Ó bu ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó fi ṣíbí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó káwọ́ lé itan, ó ń wo ọbẹ̀ náà bó ṣe ń tutù. Kò sọ pé kò dùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó yí i ká fi jẹun tán, ó sanwó, ó fi nǹkan díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ọ́." Ó jáde.

Ọ̀gá wa, Ryszard Gawlik, ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ pupa bí omi bíìtì.

"Ó mu ún?"

"Ṣíbí kan péré ni, ọ̀gá."

"Àjẹ́ ni ìyá yẹn!" Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó da ọbẹ̀ nù tòun ti ṣàkì.

Kinga, ọ̀dọ́bìnrin tó ń dáná fún wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wieśka, o ò mọ̀ ọ́n ni? Òun ló wà nídìí iná yìí fún ogún ọdún ó lé. Jókòó kí n sọ fún ọ."

Ohun tí Kinga sọ fún mi lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu Leokadia fúnra rẹ̀, nìyí.

Wúńdíá ni Leokadia nígbà tó wọ ilé ìdáná Àkọ̀ Méjì. Ọ̀dùnkún ló ń bó, ó bó o títí ó fi di ẹni tí ń pàṣẹ nídìí iná. Gawlik ló jogún ilé oúnjẹ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Leokadia làwọn èèyàn ń torí rẹ̀ wá. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè Ukraine a máa yà kúrò lójú ọ̀nà wọn nítorí ọbẹ̀ ṣàkì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Walenty, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní ọkọ Lodzia, nítorí Lodzia ni àwọn tó sún mọ́ Leokadia ń pè é.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan, ìdílé Bielak gba gbogbo gbọ̀ngán nítorí ọmọbìnrin wọn tó ń gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Gawlik lọ ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ olówó pọ́ọ́kú. Leokadia ṣí àpótí rẹ̀, ó yínmú.

"Ẹran yìí ti ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ lọ dà á nù."

Gawlik gbà bẹ́ẹ̀, ó gbé e jáde bí ẹni ń lọ dà á nù. Leokadia lọ sílé lọ́dọ̀ Walenty, tí ikọ́ ń bá jà. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ ọjọ́ àsè náà tó ṣú, èèyàn rẹpẹtẹ ti ń bì, inú ń run wọ́n, ọmọbìnrin aláṣọ funfun tí wọ́n ń ṣàsè fún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nílé ìwòsàn. Nígbà táwọn aṣojú ìjọba dé, Gawlik nàka sí Leokadia níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Òun ló wà nídìí iná. Mo ti kìlọ̀ ìmọ́tótó fún un títí, ó ti sú mi."

Leokadia búra. Ó ní òórùn ọtí kíkan ń jáde lára ẹ̀rọ ìlọran láàárọ̀ ọjọ́ àsè, òun sì rò pé wọ́n kàn fi fọ ẹ̀rọ ni. Òun ò mọ̀ pé ẹran bíbàjẹ́ ni wọ́n fi ọtí náà fọ̀, tí wọ́n sì lọ̀ mọ́ tútù. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àga iwájú ni Gawlik ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìlú kẹ̀yìn sí i. Tó bá wọ ilé búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹnì kan fi ọ̀dà kọ "Apààyàn" sára ilẹ̀kùn ilé wọn. Walenty fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, ó jókòó sídìí fèrèsé láìsọ̀rọ̀, kí yìnyín ọdún náà sì tó yọ́, wọ́n ti gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn tó wá sìnkú rẹ̀ ò kún àga gígùn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Leokadia kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Krosno. Níbẹ̀ ló ti ń fọ abọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó padà, irun rẹ̀ ti funfun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò lọ sí kóòtù. Ó kàn ń lọ jẹun ni.

Ó tún dé ní Sọ́ńdè kejì. Ọbẹ̀ ṣàkì, ṣíbí kan. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀. Pan Zenobiusz, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú, ló kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò. Ó wo abọ́ Leokadia, ó wo tirẹ̀, ó sì ti tirẹ̀ síwájú.

"Wieśka, wá gbé e lọ."

"Kí ló ṣe é, Pan Zenobiusz?"

"Èmi ò rí nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó se é fún ogún ọdún ò lè mu ju ṣíbí kan lọ, kí èmi tí mo ní ọgbẹ́ inú wá gbé abọ́ kan mì? Ṣé wọ́n rán mi sí ikú ni? Gbé ọ̀dùnkún wá, jàre."

Àwọn tábìlì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìṣubú Gawlik. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bu oúnjẹ, á kọ́kọ́ yọjú wo abọ́ Leokadia.

Gawlik gbìyànjú láti dí i lọ́nà. Ó dúró gbagidi sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Lodzia, kò sáyè."

Leokadia na ọrùn wo inú ilé. "Àyè rẹpẹtẹ nìyẹn. Ṣé owó mi ló ń rùn ni, Pan Gawlik, àbí ọbẹ̀ yín?"

Ó sọ ọ́ sókè ketekete. Fáda ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ebi ń pa òun náà. Gawlik yà fún wọn.

Ó tún dá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí n máa gbé ìyá náà jókòó sí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́. Leokadia ò jiyàn rárá, ó jókòó síbẹ̀ bí ayaba. Ohun tí Gawlik ò rò ni pé kò sí ẹni tó ń mu bíà tí kì í tọ̀. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá níwájú abọ́ tó kún náà, àwọn tí kò kí i láti ọjọ́ yìí wá sì ń kí i tìtìjú-tìtìjú: "Ẹ kú ìjókòó o, Pani Leokadia."

"Kú ìtọ̀," á ní.

Gawlik rán mi pé kí n gbé kéèkì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Leokadia fi ìka kan tì í sẹ́yìn. "Sọ fún un pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ìdajì àga wa ti ń ṣófo ní Sọ́ńdè. Kinga ni gbogbo rẹ̀ ń já lé lórí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n mú òun lọ sílé Leokadia. A bá a lábẹ́ igi èso nínú ọgbà rẹ̀. Kinga ò tilẹ̀ jókòó.

"Pani, kí ni mo fi ṣe yín? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń jí nítorí ọbẹ̀ yẹn! Mo fi ata kún un, mo dín in kù. Mo ti pààrọ̀ ewé tó wà nínú ẹ̀. Aláìmọ̀ọ́ṣe lọ̀gá ń pè mí lójú gbogbo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó kù fún mi."

Leokadia wò ó tìyanu-tìyanu. "Kò sóhun tó kù. Ọbẹ̀ rẹ dùn. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kì í mu ún?"

"Tí mo bá mu ún tán, Gawlik á sùn dáadáa."

"Èmi náà ò rí oorun sùn mọ́!" Kinga bú sẹ́kún.

Mo rí i tí ojú ìyá náà yí padà. Ó jọ pé kò rò ó rí pé ẹlòmíràn dúró láàárín òun àti Gawlik. Ó fa àga fún Kinga, ó bu tíì sínú gíláàsì fún un, ó gé òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i.

"Ìwọ àti èmi ò ní ìjà. Ṣùgbọ́n mi ò ní dáwọ́ dúró o. Ìwọ ni kó o kúrò níbẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ló bá Kinga rí iṣẹ́ nílé ìdáná ilé ìsinmi kan ní Rymanów, lọ́dọ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí. Mo bi í bóyá àánú ọmọ náà ló ṣe é.

"Àánú rẹ̀ ṣe mí," ló dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Inú mi sì tún dùn pé Gawlik fúnra rẹ̀ ni yóò máa se ọbẹ̀ mi wàyí."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wá dáná fún un mọ́, nítorí gbogbo alásè agbègbè wa ti gbọ́ nípa abọ́ náà. Gawlik wọ épírọ́ọ̀nù, ó wọnú ooru lọ, ó ń rù lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ dé, ọjọ́ tí tọmọdé tàgbà ń kó òdòdó àti àbẹ́là lọ sórí ibojì. Àwọn ọmọ Sanok ti ti ìlú jíjìn darí wálé. Òtútù mú gan-an, nítorí náà bí wọ́n ṣe ti itẹ́ òkú bọ̀ ni wọ́n ya ọ̀dọ̀ wa wá wá ohun gbígbóná. Ilé tún kún bíi ti àtijọ́, inú Gawlik sì ti ń dùn. Ìgbà náà ni Leokadia wọlé láti ibojì Walenty, ìda àbẹ́là ṣì wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Gawlik fúnra rẹ̀ ló gbé ọbẹ̀ jáde. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, kò kúrò.

"Ẹ mu ún," ló wí. "Ẹ dákun."

Leokadia bu ṣíbí kan. Ó fi ṣíbí lélẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, Pani Leokadia?" Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, Lodzia ló máa ń pè é.

"Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́."

Gawlik rọra sọ ọ́ sí i létí. "Ẹran yẹn... èmi ni."

"Èmi ò dití," Leokadia wí. "Àwọn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni kò gbọ́."

Gawlik gbójú sókè. Gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Mo rò pé yóò sá wọ ilé ìdáná, àmọ́ ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá sísá.

"Èmi ni!" ló ké. "Òun ní kí n dà á nù. Nígbà tó lọ sílé, mo gbé e wọlé padà, mo fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́. Mo sì parọ́ mọ́ ọn!"

Àga kan dún, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wọ kóòtù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Pan Zenobiusz kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gawlik, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "O jẹ́ kí n kẹ̀yìn sí Walenty," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi ni."

Omi ti lé ròrò sójú Gawlik. "Ṣé ó tó báyìí?" ló bi Leokadia.

Leokadia ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Fún àwọn wọ̀nyí, ó tó. Ó ku Walenty. Tẹ́ ẹ bá wọ itẹ́ òkú, apá òsì ló wà, lẹ́yìn igi ńlá eléèpo funfun. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un. Ẹ sọ ọ́ sókè o, etí rẹ̀ ti wúwo kó tó kú."

Wọ́n ti Àkọ̀ Méjì pa kí Kérésì tó dé. Bàtà la ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo ní "a" nítorí pé èmi náà wà lára àwọn tó ń tà á. Àwọn ará ìlú gbé kéèkì lọ sílé Leokadia bí ẹni ń lọ kí abiyamọ. Ó gba kéèkì, ó ní "Ẹ ṣeun," ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Mo bi í nígbà kan bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, pé ẹ̀san kì í dùn lẹ́nu ẹni tó bá gbà á.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọn ò tíì rẹ́ jẹ rí ni. Ó dùn, Wieśka. Ó dùn bí oyin." Ó ronú díẹ̀. "Ohun tó kàn burú ni pé Sọ́ńdè ti wá gùn jù."

Gawlik ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀. Nígbà mìíràn, tí èmi àti Leokadia bá ń lọ ra ewébẹ̀, a máa ń pàdé rẹ̀, á bọ́ fìlà fún un. Leokadia kì í dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní, "Pani, ẹ dárí jì í ná, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ara Olúwa."

"Mo ti sọ ọ́ fún fáda," ló wí. "Fáda ní kí n máa gbàdúrà nípa rẹ̀. Mò ń gbàdúrà." Ó gbé kábéèjì kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà fún ọlọ́jà pé ó ti rọ̀ jù.