Máṣìnì Agbẹ̀bí ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ṣùgbọ́n alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Jàpáàn ni ojú mi máa ń wá kiri. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ mí mọ̀ ọ́n. Bí a bá jọ ń lọ wọkọ̀ ní CMS, tí ògbólógbòó máṣìnì kan bá fara ti ògiri lójú ọ̀nà, wọ́n á kàn máa lọ ní tiwọn. Èmi á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wo orí síkúrúù.

Síkúrúù ni mo kọ́kọ́ fi ń dá wọn mọ̀. Ayédèrú pọ̀ nígboro; wọ́n á kùn ún, wọ́n á lẹ orúkọ mìíràn mọ́ táǹkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáàn máa ń fi àmì róbótó kan, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, sórí síkúrúù wọn. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í sábà rántí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni màá wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ọrùn rẹ̀, màá sì fi wé ti ẹ́ńjìnnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ilẹ̀kùn agbo ilé tó tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo rí aṣọ tí wọ́n sá sórí nǹkan kan, mo sì rí ọwọ́ alùpùpù méjèèjì tó yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìwo àgbò. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti wọlé.

Màmá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n ká aṣọ àwọn kúrò lórí rẹ̀, kí n má ṣe jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Máṣìnì kékeré ni, irú èyí tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ẹni tó ró ìró lè gùn láìṣe wàhálà. Ike iwájú rẹ̀ tó máa ń bo ojúgun ẹni tó ń gùn ún ti sán, àmọ́ àmì wà lórí síkúrúù, nọ́ńbà ọrùn rẹ̀ sì hàn ketekete. Orí mi ń wú. Àfi ìgbà tí mo dé ìdí ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ fi hàn mí pé ara máṣìnì fi ọdún mélòó kan dàgbà jù ú lọ, pé ẹ́ńjìnnì máṣìnì mìíràn ni wọ́n dè mọ́ ọn. Lójú àwa tí a fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, àbùkù gidi ni. Mo sọ fún màmá pé ó jọ pé ẹni tó tà á fún bàbá ti rẹ́ wọn jẹ.

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Bàbá wo?"

Mo ní ọkọ wọn ni mo ní lọ́kàn.

"Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n gùn títí wọ́n fi lọ. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á dì mí mú bíi pé mo fẹ́ dà wọ́n sí ọ̀sà. Agbẹ̀bí ni mí. Òun ni mo fi ń lọ gbẹ̀bí."

Ojú tì mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá ní kí n fìdí kalẹ̀. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ agbo ilé náà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan, agbẹ̀bí bíi tiwọn, tó ra irú máṣìnì yẹn lẹ́yìn wọn. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, omi wọ ẹ́ńjìnnì màmá, ó sì nọ́ọ̀kì. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ wọn ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé pátápátá. Ó ní kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kó dè é mọ́ ti màmá.

"Tí mo bá ń gùn ún," màmá wí, "àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ohun tí mo pè ní àbùkù ló wá di ibi tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà á fún mi, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní tí ọwọ́ mi bá ń yún mi, kí n wá máa tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo fọ kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti táyà. Ní Sátidé karùn-ún, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáhùn. Gbogbo ilé tú síta. Kí n tó yíjú, màmá ti di ìró wọn le, wọ́n ti gorí rẹ̀. Ìjọba kì í jẹ́ kí ọ̀kadà rìn ní títì Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́, nítorí náà inú agbo ilé ni wọ́n ti gùn ún. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan ń sáré gbé àga kúrò lọ́nà, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra.

"Ìwọ tí mo fọwọ́ mi gbẹ̀bí ẹ," ni màmá fi dá a lóhùn, "ìwọ ló ń sọ fún mi pé kí n rọra?"

Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dúró. Ẹ̀rín gba ojú wọn kan. Wọ́n ní bíréèkì ẹ̀yìn ń fà díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì tún un ṣe.