Iṣẹ́ tí Ṣàkírátù ti ń ṣe kó tó rí i

Oṣù keje rèé tí Ṣàkírátù Oyèdélé ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi sínú ìgò ní Ninth Mile lẹ́bàá Enugu, bí ẹ bá bi ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí ẹ bá wá bi èmi, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí. Inú yàrá kan ṣoṣo tó háyà ní Achara Layout ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń kọ̀wé wáṣẹ́.

Nígbà tó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Enugu, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí òun náà máa bọ̀ nílé, pé àbúrò bàbá rẹ̀ ti bá a rí iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó fi ọdún márùn-ún kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iná mànàmáná kò fẹ́ lọ máa kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Ló bá ní òun ti ríṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló yọ̀. Ìyá kígbe ayọ̀, ó pe gbogbo ará ilé jọ, wọ́n ṣàdúà lórí fóònù títí etí Ṣàkírátù fi gbóná. Ta ló fẹ́ wá sọ lẹ́yìn ìyẹn pé irọ́ ni?

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá á pè. “Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n ṣe níbi iṣẹ́ lónìí?” Àbẹ̀kẹ́ á sì máa wá nǹkan sọ. Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ó di ọ̀la kó tó tún gbọ́ Yorùbá. Àwọn ará ọgbà kì í ṣe èèyàn burúkú. Mama Ogechi tó ń gbé yàrá kejì máa ń kí i, “My sister, how far?” Ṣùgbọ́n kó tó dáhùn, obìnrin náà á ti kọjá. Ó ti wá di pé ìkòkò ọbẹ̀ ni Ṣàkírátù ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé yìí ni kí irọ́ rẹ̀ di òótọ́ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ilé iṣẹ́ tó fi ń purọ́ yìí gan-an fèsì sí ìwé ìwáṣẹ́ tó kọ sí wọn. Wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀lé. Kó lọ kọ ọ́ kí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń yí máa gbé ìgò, kó máa kà á ní méjìlá méjìlá, kó sì dúró bí ìgò kan bá ṣubú. Kó fi fláàṣì gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀.

Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti gbó. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo jù fún un. Bó bá gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀, láptọ́ọ̀pù á kàn dákú ni. Ó wá rí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè tọ́ ọ wò. Kọ̀ǹpútà kan wà lókè òkun tí sọ́fítíwíà náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi ojú rẹ̀ hàn ọ́, ìwọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ láti ilé rẹ. Wákàtí mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan péré fún ẹnì kan.

Ní Ọjọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, iná wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ṣe bí ọmọlúàbí. Bó bá tẹ nǹkan, á pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn, bí ìyàwó ilé tí wọ́n pè tó kọ́kọ́ ń tún gèlè rẹ̀ wé. Ṣàkírátù kò bínú. Ó ń bá a sọ̀rọ̀: “Ó yá, dúró níbẹ̀. Méjìlá ni mo wí o, n kò sọ mẹ́tàlá.” Kọ̀ǹpútà òkè òkun yẹn gbọ́ Yorùbá lọ́jọ́ náà ju gbogbo ará ọgbà lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò pé, àwọn ìgò kéékèèké inú àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ. Ó ka méjìlá, ó dúró, ó tún lọ. Ṣàkírátù pariwo, ó dìde, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mama Ogechi ti lọ sí ọjà Gariki.

Ó jókòó padà, ó fi iṣẹ́ náà pamọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, bó ṣe máa ń ṣe láti ilé ẹ̀kọ́. Àkókò pé. Ojú ewé náà funfun báláú, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù, ó wá iṣẹ́ rẹ̀, kò rí i. Àwòrán ìyá rẹ̀ tó fi sójú láptọ́ọ̀pù nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí i. Orí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ló fi í pamọ́ sí, wọ́n sì ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò fún ẹni tó kàn.

Ó sunkún, kì í sì í ṣe kékeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Ìgò la kà lónìí, Màámi. Méjìlá méjìlá.” Ìyá ní Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún un lókun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ninth Mile. Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ, Engineer Nwodo, arúgbó kan tó ti hewú, na ọwọ́ sí i: “Where the flash?” Irọ́ mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu Ṣàkírátù kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u.

“Oga, I save am for their own computer. Dem don clear am.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “You no be the first. Oya, sit down, do am again make I see.”

Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn. Kò tó wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná. Bàbá náà wo ìgò bó ṣe ń tò, ó mi orí, ó ní, “Monday, you resume.”

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ wálé, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ó fẹ́ kí ẹnì kan pariwo mọ́ òun, kí wọ́n pe gbogbo ará ilé, kí wọ́n ṣàdúà títí etí òun á fi gbóná. Ibẹ̀ ló ti rántí pé wọ́n ti ṣe é. Oṣù keje rèé tí wọ́n ti ṣe é tán.

Fóònù dún ní àsìkò rẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n ṣe níbi iṣẹ́ lónìí?”

Ó di fóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Kò sí nǹkan tuntun, Màámi. Bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n náà ni.”