Orúkọ Tí Màmá Mi Ń Dúró Dè

Tí òjò ìrọ̀lẹ́ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná ní Missouri City lẹ́bàá Houston, òórùn ẹfinrin tó wà lẹ́yìn ilé mi máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á kún gbogbo ilé ìdáná. Màmá mi ló gbìn ín nígbà tí wọ́n wá bá mi gbé. Òórùn náà dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ títí dòní, bí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ná. Ìdí fèrèsé yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi jókòó sí, tó ń jẹ iyán mi, tó ń fi fóònù gba ìtàn bàbá ìyá mi sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú lásán o. A jọ wá kàwé ní Houston ni, a jọ gbé inú apartment kan náà nígbà tí kò sí nǹkan nínú fìríìjì wa ju omi àti ẹyin lọ, òun ló sì di ọwọ́ mi mú nígbà tí mò ń rọbí àkọ́bí mi. Èmi di apoògùn, òun di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ewéko. Ìgbésí ayé òyìnbó kan ló ti ń wádìí láti ọjọ́ pípẹ́, ọkùnrin kan tí ìjọba amúnisìn rán wá sí igbó apá ọ̀dọ̀ wa pé kó máa ṣa ewé àti òdòdó jọ, kó máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, ó ń ṣàlàyé òyìnbó náà fún wa lórí oúnjẹ, ni Màmá bá dá ọwọ́ iyán dúró.

“Òyìnbó Eléwé nìyẹn! Bàbá mi ló ń mú un kiri inú igbó.”

Ọ̀rẹ́ mi fò dìde, ó sì kúnlẹ̀. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.”

Màmá sì sọ ọ́. Wọ́n ní ọdẹ ni bàbá àwọn, òun ló ń fi àdá lànà níwájú, àwọn aláàárù á máa ru pátákó àti ìwé ìròyìn àlòkù bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ewé sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pátákó méjì há a, wọ́n á fi bẹ́líìtì fún un pinpin, wọ́n á sì gbé e sókè iná èédú kó lè gbẹ. Màmá kéré nígbà náà, àmọ́ wọ́n rántí pé bí bàbá àwọn bá ti dé láti igbó, àwọn máa ń fi imú sí àyà wọn láti gbóòórùn èéfín àti ìwé tútù. Ní ọjọ́ kan, òyìnbó rí òdòdó funfun kan lókè igi gíga. Bàbá ní òjò ti pa igi náà, pé ó ń yọ̀. Òyìnbó ní àfi kí òun rí òdòdó yẹn. Bàbá gùn ún, wọ́n já òdòdó náà, wọ́n jù ú sílẹ̀, kí wọ́n tó já bọ́ fúnra wọn. Ẹsẹ̀ wọn kan ṣẹ́, kò sì tọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Orúkọ òyìnbó náà ni wọ́n fi sọ òdòdó ọ̀hún nílùú òyìnbó. Ó ní òun á padà wá kí Bàbá, kò sì padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi sunkún gan-an. “Mummy, I promise you, èmi máa dárúkọ wọn. Níwájú gbogbo wọn.”

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ki oríkì bàbá wọn lé e lórí, wọ́n sì ṣàdúrà fún un bí ẹní ń ṣe fọ́mọ inú ara wọn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà. Àwa Yorùbá, ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ fún ìyá wa, tó pè wọ́n ní Mummy, ó ti dọmọ ilé nìyẹn, a kì í tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí àpérò àwọn onímọ̀ ewéko tí ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀ náà ku ọ̀la, Màmá pe àbúrò wọn nílé. “Ọ̀la ni wọ́n máa dárúkọ Bàbá ní Amẹ́ríkà o!” Wọ́n dirun, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n wọ sányán tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ilé. Iwájú la jókòó sí. Òtútù inú gbọ̀ngàn náà pọ̀, mo fi súẹ́tà mi bo èjìká wọn. Màmá ò gbọ́ Òyìnbó ju ti ìkíni lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Nígbà tí àwòrán òdòdó gbígbẹ náà yọ sára ògiri, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ọ̀rẹ́ mi wá sọ ọ́, tó dá ṣáká. Ó ní ọdẹ ìbílẹ̀ kan ló fi ọ̀nà han òyìnbó náà, pé orúkọ ọdẹ ọ̀hún kò tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Màmá fẹnu sí mi létí. “Ṣé wọ́n ti dárúkọ wọn?”

“Ó kù díẹ̀, mà.”

Wọ́n tún bi mí. Mo tún ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Màmá náà pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ojú mi.

Ọ̀rẹ́ mi wá kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Màmá ní, “Ọmọ mi, mi ò gbọ́ orúkọ bàbá mi.”

“Mummy, àkókò ni ò tó mà. They rushed me.” Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo bá a níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ó ní, “Ìwọ náà mọ bó ṣe rí. Kò sí nínú ìwé kankan. Tí n bá sọ pé nínú kitchen ni mo ti gbọ́ ọ, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi mí ṣe.”

“O sì sọ pé kò tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àwa wo nìyẹn?”

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. “Abeg, don't make it personal.”

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé lórí freeway nígbà tí Màmá kọjú sí mi. Wọ́n wá ní, “Òyìnbó yẹn, mo ti gbà fún un tipẹ́, ahọ́n rẹ̀ ò lè pe orúkọ bàbá mi. Ahọ́n ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò wọn pè, mò ń gbọ́ ariwo àwọn ará ilé lẹ́yìn wọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n dárúkọ wọn?” Màmá mi yìí, tó máa ń nà wá nítorí irọ́ lórí ẹran kan ṣoṣo, wọ́n wo ẹfinrin wọn lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Wọ́n dárúkọ wọn. Gbogbo èèyàn ló dìde dúró tó pàtẹ́wọ́.” Ariwo ayọ̀ sọ nílé lọ́hùn-ún. Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Pé ó yọ orúkọ yẹn dùn mí gan-an, àmọ́ pé ó mú ìyá mi purọ́ lọ́jọ́ ogbó wọn, ìyẹn ni mi ò tíì rí ọkàn fi dárí jì í.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré bí ẹni ń ṣeré. Èrò mi ni pé ẹni tó máa pa orúkọ wa rẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló bá wá, ó sì ti bá a lọ. Mi ò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹni tó mọ ilé ìdáná mi débi pé fúnra rẹ̀ ló ń mú iyọ̀.

Màmá ti dolóògbé báyìí. Nílé, àwọn ọmọ-ọmọ ṣì ń fi ọjọ́ yẹn yangàn, mi ò sì lè tú àṣírí náà fún wọn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé ìdáná mi, tó ní òórùn kí nìyí, mo máa ń sọ̀rọ̀ ọdẹ tó gun igi lọ já òdòdó yẹn, mo sì máa ń pe orúkọ wọn sókè, kí irọ́ tí ìyá mi pa lè dín kù díẹ̀. Ìwọ náà ti wá gbọ́ ọ. Ọdẹ́wálé ni wọ́n ń jẹ́.